Ẹ Jọ̀ọ́ Mà, Kí Ni Mo Ṣe?

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè ọmọ kan ti ń jà mí lọ́kàn. Mo ti fi í sùn, mo ti fi í jí. Ìbéèrè ọ̀hún kò le, kò sì gùn ju èémí kan lọ. Ọmọ tó bi mí kò bínú, kò sunkún, kò ṣàfojúdi. Ó kàn dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe?"

Kò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ. Ká ní ẹnì kan bi mí lọ́dún tó kọjá bóyá èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi mọwọ́ ara wa, mi ò ní jẹ́ kó parí ìbéèrè kí n tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ń rọ̀ mọ́ mi. Wọ́n ń sáré wá pàdé mi láàárọ̀, wọ́n ń du ìwé tí mo gbé lọ́wọ́ kí wọ́n lè bá mi gbé e. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kí olùkọ́ fa ọmọ mọ́ra níbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, mo máa ń jókòó bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tán ni.

## Bébà tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta tí a wọlé ni. Mo jókòó ti tábìlì nílé, mo fẹ́ tún ètò ìjókòó wọn ṣe fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Rẹ́jísítà wà nínú báàgì, báàgì wà ní yàrá kejì, ọ̀lẹ sì mú mi. Mo ní, kí ni mo fẹ́ fi rẹ́jísítà ṣe? Ṣebí àwọn ọmọ mi ni wọ́n. Mo fa bébà kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn látorí.

Orúkọ bíi 15 àkọ́kọ́ tú jáde bí omi ẹ̀rọ. Mo wo bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra, mo sì rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ṣíwájú ni àwọn tí kì í jẹ́ kí n sinmi: èyí tó máa ń gun àga, èyí tó máa ń fi ẹsẹ̀ gbá ìjókòó ẹni iwájú, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí ẹnu wọn kì í pa dé. Àwọn olórí pípé ló tẹ̀ lé wọn, àwọn tó máa ń nawọ́ kí n tó bi ìbéèrè tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tí èmi àti òbí wọn jọ ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé orúkọ 30, ọwọ́ mi ń falẹ̀. Mo dijú, mo ń rìn kiri inú kíláàsì lọ́kàn mi, láti ìlà kan bọ́ sí èkejì. Ta ló jókòó síbí? Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fa àwọn méje míì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ku ẹnì kan. Ọmọ 38 ló wà ní kíláàsì, 37 ló wà lórí bébà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé ìjókòó kan wà ní ìlà kẹta, lápá ògiri, tí kì í ṣófo. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń jókòó síbẹ̀. Ojú onítọ̀hún kò wá. Mo gbìyànjú, gbìyànjú, kò wá. Nígbà tó yá, mo dìde lọ mú rẹ́jísítà.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Nígbà àkọ́kọ́, mo gbàgbé rẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́ ni. Ọmọ tí kì í pẹ́ dé ni, kì í sì í pa ilé-ìwé jẹ. Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ máàkì sí: 6 nínú 10, 5 nínú 10, 6 nínú 10. Gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ pé. Nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ látìgbà tí a ti wọlé, mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sétí ìwé, àfi kí n fàmì sí èyí tó gbà àti èyí tó kùnà.

Òwe wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ la máa ń fi òwe yìí dá lẹ́bi. Àgbàlagbà tó ní ẹ̀tọ́ tí kò bèèrè, mo gbà, kó forí fá a. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá? Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́, ó jókòó. Mo ní kó má pariwo, kò pariwo. Mo ní kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo ní kó dákẹ́, nígbà tó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tán, mo gbàgbé rẹ̀.

## Ọjọ́ Ajé tí mo fi ìtara bà á jẹ́

Mo dé lọ́jọ́ Ajé bí ẹni tó fẹ́ san gbèsè. Mo ti pinnu pé lónìí, ọmọ yìí á mọ̀ pé mo rí òun. Iṣẹ́ ìdá la ń ṣe nínú ìṣirò. Mo kọ ìbéèrè kan sójú pátákó, mo yíjú sí ìlà kẹta, mo sì pe orúkọ rẹ̀. Mo pè é ketekete, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo fi ohùn tí mo rò pé ó tutù pè é.

Kíláàsì dákẹ́. Ọmọ náà dìde, ṣùgbọ́n ìdìde rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí a ní kó wá dáhùn ìbéèrè. Ó gbéra díẹ̀díẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rí i tí gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, tó sọ̀ kalẹ̀. Ó wá sọ ọ́, kò pariwo:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo ṣe?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí ẹnu wọn kì í pa dé yẹn dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ìbéèrè ni wọ́n bi ẹ́!" Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wo pátákó, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi náà wá ṣe ohun tí àwa olùkọ́ máa ń ṣe bí ojú bá ń tì wá: mo ní, "Ó dáa, jókòó," mo sì pe ẹlòmíì. Ó jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn.

Kì í ṣe pé kò rí ìdáhùn sọ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni bí ìbéèrè rẹ̀ ṣe bọ́gbọ́n mu tó. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nínú kíláàsì mi. Ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìgbà tí mo máa ń pe orúkọ ọmọ àti ìgbà tí mi ò kì í pè é. Bí ọmọ bá mọ nǹkan, ó máa ń nawọ́, mo máa ń nàka sí i pé "ìwọ, ó yá." Bí ọmọ bá ṣe ohun tí kò yẹ, ìgbà yẹn ni orúkọ rẹ̀ máa ń jáde lẹ́nu mi lódindi. Ọmọ yìí ti ṣe ìṣirò tirẹ̀, ó sì gbà á: ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ nínú yàrá yìí ti ṣẹ̀ ni. Nígbà tí òun kò sì rántí ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, ó bèèrè. Kí ló tún yẹ kó ṣe?

## Mo ń ṣọ́ ẹnu ara mi

Mi ò kọ́kọ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ní ojú ló ń ti ọmọ náà, mo ní bóyá olùkọ́ rẹ̀ ti ọdún tó kọjá ló bà á jẹ́. (Ẹ máa kíyè sí wa, àwa olùkọ́: olùkọ́ ọdún tó kọjá ló máa ń jẹ̀bi gbogbo nǹkan.) Kí n lè dá ara mi láre, mo mú ìwé kékeré kan, mo fa ìlà sáàárín ojú ewé. Bí mo bá pe orúkọ ọmọ láti bá a wí, n ó sàmì sápá ọ̀tún. Bí mo bá pè é nítorí ohun mìíràn, ì báà jẹ́ ìkíni, ì báà jẹ́ ìyìn, ì báà jẹ́ kí n kàn bèèrè ohun tó ń ronú, n ó sàmì sápá òsì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Kò rọrùn kéèyàn máa kọ́ni kó tún máa ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀, mo sì gbàgbé láìmọye ìgbà. Síbẹ̀, kí ọjọ́ kìíní tó parí, apá ọ̀tún ti kún débi tí mo fi ṣí ojú ewé tuntun. Àmì mẹ́rin ló wà lápá òsì. Mẹ́ta nínú mẹ́rin náà, ọmọ kan náà ni.

Mi ò kì í ṣe òǹrorò o. Mi ò kì í bú ọmọ. Ìbáwí kéékèèké lásán ni gbogbo ẹ̀: "lágbájá, ojú ibí", "làkáṣègbè, jókòó dáadáa." Kò sí èyí tó tó nǹkan nínú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí mo ń lo orúkọ àwọn ọmọ náà fún.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Bí a ṣe máa ń pa òwe yìí, àfi bíi pé òsì ló ń ṣáájú, tí ọ̀tún wá ń tún nǹkan ṣe lẹ́yìn. Lójú tèmi báyìí, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀tún ló yẹ kó ṣáájú. Ọmọ tí ọ̀tún kò tíì fà mọ́ra rí, ibo ni òsì fẹ́ lé e kúrò? Ní ti ọmọ ìlà kẹta yìí, ọwọ́ kankan kò tilẹ̀ kàn án.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àgbà olùkọ́ kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní mi ò gbọdọ̀ ṣí eyín sí àwọn ọmọ títí sáà kìíní á fi parí. Mi ò ní bú àgbà náà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn ju bí àwọn olùkọ́ òde òní ṣe fẹ́ gbà lọ. Ọmọdé máa ń dán ojú ọjọ́ wò, kíláàsì tí kò sì ní ìlànà kì í pẹ́ dàrú, àwọn ọmọ jẹ́jẹ́ ló sì máa ń jìyà rẹ̀ jù. Ní 1980, Carolyn Evertson àti Edmund Emmer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí àwọn kíláàsì kẹta kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n jókòó tì láti ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Àwọn olùkọ́ tí ọdún wọn lọ geere ni àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìlànà bí ẹni ń kọ́ wọn ní ìṣirò: bí a ṣe ń wọlé, bí a ṣe ń bèèrè ìrànwọ́, ohun tí ẹni tó bá tètè ṣe tán á máa ṣe. Ìlànà nìyẹn. Ìfajúro kò sí níbẹ̀. A ti so méjèèjì pọ̀ tipẹ́ débi pé a rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

## Àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé

Lẹ́yìn èyí ni mo padà sídìí àwọn ìwádìí tí a kọ́ wa nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́, tí mo ti ń kà láti bí ọdún mẹ́rìnlá bí ẹni ka ìwé ìkíni. Ta ni kò mọ ti Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson? Wọ́n gbé e jáde ní 1968. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní California ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n sọ fún àwọn olùkọ́ pé ìdánwò kan ti fi hàn pé àwọn ọmọ kan, bí ẹnì kan nínú márùn-ún, máa tó rú jáde lọ́dún yẹn. Irọ́ ni. Wọ́n kàn ṣa orúkọ wọn ni. Nígbà tí ọdún fi máa yípo, àwọn ọmọ tí wọ́n ṣa yìí ti fi ìdánwò làákàyè ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, pàápàá ní kíláàsì kìíní àti ìkejì. Ní àwọn kíláàsì òkè, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Àwọn onímọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe wọn ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ń jiyàn lé e títí dòní lórí bí ipá rẹ̀ ṣe tó.

Nígbà tí mo kà á tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ni mo máa ń wò. Báyìí, ojú mi ń lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹ́rin yòókù nínú márùn-ún. Ẹnikẹ́ni kò purọ́ búburú mọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ní wọn kò ní í ríṣe. Wọn kò kàn sí nínú ìwé ni.

Ìwádìí kan tún wà tó ká mi lára jù ú lọ. Bridget Hamre àti Robert Pianta tẹ̀ lé ọmọ 179 láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kẹjọ, wọ́n sì gbé e jáde ní 2001. Àwọn tí àárín àwọn àti olùkọ́ wọn kò gún láti jẹ́lé-ó-sinmi, ọ̀pọ̀ wọn ni máàkì wọn ń rẹlẹ̀, tí ẹjọ́ wọn sì ń pọ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, pàápàá àwọn ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe mọ àárín tí kò gún? Wọ́n ní kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ni: ṣé ẹ máa ń jà? Ṣé ọmọ náà máa ń so mọ́ ẹ lọ́rùn jù? Ká ní wọ́n fún mi ní ìwé yẹn nípa ọmọ ìlà kẹta, kí ni mi ò bá kọ? A kì í jà. Kì í so mọ́ mi. Lójú ìwé, èmi àti ẹ̀ ì bá wà ní ìrẹ́pọ̀ jọjọ.

Ibí ni mo ti wá rí ohun tó ń jà mí lọ́kàn gan-an. Gbogbo àjọṣe tí mo fi ń yangàn yẹn, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó sún mọ́ mi, àwọn ló sún mọ́ mi. Àwọn ló sáré wá pàdé mi, àwọn ló du ìwé lọ́wọ́ mi. Àwọn oníjàngbọ̀n náà, àwọn ló fi ariwo fà mí lọ́wọ́. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo dá ẹni tó pè mí lóhùn, mo sì ń pe ìyẹn ní ìfẹ́ ọmọ. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń pe olùkọ́, kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ mi.

## Ìṣẹ́jú méjì

Raymond Wlodkowski, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, dá ìmọ̀ràn kan tó ti tàn kálẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́: yan ọmọ kan, bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá tẹ̀léra, má sì sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé-ìwé. Àwọn ọmọ tó le ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún. Mo ní n ó lò ó fún ọmọ tó rọ̀ jù.

Ọjọ́ kìíní, àkókò ìsinmi ráńpẹ́, mo lọ dúró tì í. "Báwo ni?" "Dáadáa ni mà." "Kí lo máa ń fẹ́ràn láti ṣe nílé?" "Kò sí mà." Ó ti dìde, ó ti kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú méjì náà gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Mo rí i pé mo ti sọ ọ́ di ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọmọ náà sì ń dáhùn bí ẹni tó wà níwájú adájọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo dá ìbéèrè dúró. Mo jókòó sórí àga tó wà nítòsí rẹ̀, kí ojú wa lè wà lọ́gbọọgba, mo ń máàkì ìwé. Mo kàn ń bá ara mi sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀. Mo ní, "Pẹ́ẹ̀nì pupa yìí yà mí lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ kejì tí a wọlé, ó kú pátápátá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó jí fúnra rẹ̀."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá jáde. "Kò jí fúnra rẹ̀ mà."

Mo gbójú sókè.

"Sípíríǹgì rẹ̀ ló ká. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì yín nígbà tí ẹ lọ síta, mo rò pé ẹ fẹ́ jù ú nù ni."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú agolo pẹlẹbẹ kan jáde, ó yí i sọ́dọ̀ mi kí n lè rí inú rẹ̀. Pẹ́ẹ̀nì tó ti tú palẹ̀ ló kún inú agolo náà: ìdérí lọ́tọ̀, sípíríǹgì lọ́tọ̀, ọ̀pá táwadà lọ́tọ̀, ó sì fi páálí gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo pẹ́ẹ̀nì tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jù sílẹ̀, òun ló ń ṣà wọ́n, òun ló ń to èyí mọ́ tọ̀hún. Ó ṣàlàyé fún mi pé irú sípíríǹgì méjì ló wà, pé èyí tó gùn kò ṣeé fi sínú tọ̀hún, ó máa ń ti táwadà jù. Nínú àlàyé yẹn nìkan, ó sọ̀rọ̀ ju bó ṣe sọ fún mi látọjọ́ tí a ti wọlé lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò sí lẹ́yìn mọ́, ó ń lò ó.

Mo jókòó pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì náà lọ́wọ́. Mo ti fi í máàkì iṣẹ́ rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti fi í kọ 6 nínú 10 síwájú orúkọ rẹ̀, tí mi ò lè rántí orúkọ ọ̀hún lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ yìí ti ń kíyè sí mi. Ó rí i pé pẹ́ẹ̀nì mi kú, ó tún un ṣe, ó dá a padà síbi tó wà, kò sì retí kí n dúpẹ́.

## Ṣé ààyè wà?

Mo sọ fún ẹlẹgbẹ́ mi kan, ó ní, "Ọmọ 38! Ìgbà wo lẹ fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí mo bá ní kí n bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì lọ́jọ́ kan, ìṣẹ́jú 76 nìyẹn, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ méjì lóòjọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, ọjọ́ 19 sì ni n ó fi yí gbogbo wọn ká, kò tó oṣù kan. Kì í ṣe ìmọ̀ràn Wlodkowski gan-an nìyẹn. Ó kàn jẹ́ ohun tí agbára mi ká ni. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àwọn nǹkan míì wà tí kò gba àkókò rárá. Mary Budd Rowe, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́, ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1970 pé bí olùkọ́ bá bi ìbéèrè, kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Níbi tí wọ́n ti ń dúró tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìdáhùn ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Mo dán an wò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lójú olùkọ́ tó dúró síwájú ọmọ 38, ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀! Ó ń dà bíi pé kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n lójú ọmọ tí èrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ara rẹ̀ jọ, ó lè jẹ́ gbogbo ààyè tó nílò.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ìwádìí tí Clayton Cook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní kíláàsì mẹ́wàá, tí wọ́n gbé jáde ní 2018, fi hàn pé ibi tí olùkọ́ ti ń kí àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, àkókò tí wọ́n fi ń gbájú mọ́ iṣẹ́ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Wọn kì í kàn rẹ́rìn-ín nìkan níbẹ̀ o. Wọ́n ń pe ọmọ lórúkọ, wọ́n sì ń sọ fún un ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe bó bá wọlé. Ti orúkọ yẹn ni mo wá fún. Mo fẹ́ kí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ti jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ráyè ṣẹ̀ mí.

Mo tún pe àwọn òbí kan láti sọ ohun rere tí ọmọ wọn ṣe. Mo pe màmá ọmọ ìlà kẹta lórí fóònù. Mo kí wọn, mo dárúkọ ara mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, ohùn wọn wálẹ̀: "Ha, ṣé kò sí o? Kí ló ṣe?"

Mo ní, "Kò ṣe nǹkan kan, mà. Ó bá mi tún pẹ́ẹ̀nì mi ṣe ni." Wọ́n ní kí n tún un sọ.

## Lọ́sẹ̀ tó kọjá

Mi ò ní parọ́ pé máàkì rẹ̀ ti fò sókè. Ó gba 7 lẹ́ẹ̀kan, ó padà sí 6. Kò tíì di alásọ̀ọ́sọtán, mi ò sì fẹ́ kó dì í. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, jẹ́jẹ́ kì í ṣe àrùn. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo tún fa bébà, mo tún kọ orúkọ wọn látorí. Gbogbo 38 pé, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọbìnrin kan ló jáde kẹ́yìn, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Mo fàlà sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ Ajé.

Ní Ọjọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkókò ìsinmi, mo fẹ́ rán ẹnì kan níṣẹ́. Mo pe orúkọ ọmọ ìlà kẹta láti ìdí tábìlì mi. Kò dìde. Ó forí bọ agolo rẹ̀, ó fi ìka méjì di sípíríǹgì kan mú, ó ń wò ó lójú ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ máa sọ ọ́, mà," ló wí, kò gbójú sókè, "mò ń gbọ́."

Ẹlẹgbẹ́ mi tó wà lẹ́nu ọ̀nà wò mí, ó ń retí kí n bá a wí. Mo sọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán an. Ó ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kóun fi èyí wọlé ná.